Báwo ni compiler ṣe lè dá lúùpù lẹ́kun lórí ẹ̀rọ dataflow?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń kọ compiler (ètò tó ń tú kóòdù sí èdè ẹ̀rọ) fún àfarawé ẹ̀rọ dataflow, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Manchester ní 1981. Lórí irú ẹ̀rọ yìí, gbàrà tí dátà àṣẹ kan bá ti pé, àṣẹ náà di ṣíṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà. Bí mo bá ní kó ṣe ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì 64×64, gbogbo ìyípo lúùpù á bẹ̀rẹ̀ pọ̀, tókìnì (ẹyọ dátà tó ń lọ láti àṣẹ dé àṣẹ) á kún ibi tí wọ́n ti ń dúró de ẹnìkejì wọn, iṣẹ́ á há. Mo fi k-bounding ti Arvind àti Culler, àwọn olùwádìí ẹ̀rọ dataflow, dè é, kí ìyípo tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ má ju k lọ: k=4 ń falẹ̀ bí ìgbín, k=16 tún há.

Lúùpù ìta ni kí n dè ni, àbí ti inú? Ṣé compiler lè fúnra rẹ̀ ṣírò k láti inú gíráàfù ètò (àwòrán bí dátà ṣe ń lọ láàárín àwọn àṣẹ)? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.