Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí CT ọmọ mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, ti ya X-ray àyà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù 5 torí ikọ́ tí ò lọ, dókítà wá ní ká lọ ṣe CT báyìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara láti oríṣiríṣi ìhà. X-ray yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ já mi láyà, ẹyọ kan ò ju nǹkan bíi 0.1 mSv lọ (mSv ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara), ìtànṣán tó ń bá gbogbo wa látinú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run sì ń lọ sí 2.4 mSv lọ́dún. CT ló ń bà mí lẹ́rù, tiẹ̀ pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì, ara ọmọdé sì gbẹgẹ́.

Nígbà tá a yà á kẹ́yìn, èmi tí mo di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú sókè, tó ń ké, èmi ni wọ́n fún ní épírọ́ọ̀nù wúwo tó ń dí ìtànṣán yẹn, wọn ò fi nǹkan kan bo òun. Inú bí mi gan-an, àfìgbà tí mo kà á pé àtọdún 2019 ni AAPM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn l'Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n yéé fi bo abẹ́ aláìsàn, torí ó lè bo ibi tí wọ́n fẹ́ wò, ẹ̀rọ náà á tún wá fi kún agbára ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ yìí, báwo ni mo ṣe lè béèrè, tí ò ní dà bíi pé mò ń bá dókítà jà, bóyá ultrasound tàbí MRI, tí wọn kì í lo X-ray, lè ṣe é, àti bóyá ìwọ̀n ọmọdé ni wọ́n máa sẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ sí?