Kí ni kí n máa fetí sí nínú àwo Minimal Nation?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa techno, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Minimal Nation ti Robert Hood, tó jáde lọ́dún 1994 lábẹ́ Axis, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí Jeff Mills ń darí. Orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí gíràmafóònù, ó dà bí orin mìíràn: ìlù kan náà ń lọ, ohùn dùùrù kan náà ń padà wá, síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ó tán. Kí ni mò ń gbọ́ gan-an, ṣé rẹ́kọ́ọ̀dù ló sì fà á?

Èsì kìn-ín-ní
Hood ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin Underground Resistance ní ìlú Detroit, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Mills àti Mike Banks kí ó tó ṣe àwo yìí, ní àkókò tí orin àríyá ní Yúróòpù ń sáré sí i, tí ariwo ń gorí ariwo. Ó kó gbogbo ìyẹn dànù, ó ṣẹ́ ìlù, béèsì (ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo) àti ohùn dùùrù kúkúrú kù. Ẹ mú ohùn kan ṣoṣo, bíi ti háì-hátì, ohùn irin tó ń dún ṣá-ṣá lókè ìlù, kí ẹ máa tẹ̀ lé e. Bí ó bá jáde lójijì, ẹsẹ̀ yín á mọ̀ kí etí yín tó mọ̀. Nínú agbo dùndún, gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀, síbẹ̀ òun ló di agbo mú. Nínú àwo yìí, ìyá ìlù kò wá rárá.

Èsì kejì
Mi ò gbà pé ohùn inú rẹ́kọ́ọ̀dù péye ju ti fáìlì tó dára lọ. Mo fura pé sípíkà fóònù yín ni kò lè gbé béèsì. Bí béèsì bá ṣe wúwo tó ni ojú ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ṣe ń fẹ̀ tó, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lẹ́nu abẹ́rẹ́ yóò sì dá a padà. Nínú orin tí ohùn inú rẹ̀ kò pọ̀, kò sí ohun tó ń bá ìlù ńlá du àyè. Àmọ́ eruku náà kò ríbi sá sí, ẹ máa nu àwo yín dáadáa.

Ohun kan máa ń wú mi lórí: àwo tó ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan ń parí ìyípo kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.8, ìlù mẹ́rin sì wọ inú rẹ̀ rẹ́gí bí orin bá ń lọ ní ìlù 133⅓ ní ìṣẹ́jú kan, tí í ṣe ìrìn techno gan-an. Bí wọ́n bá wá so ìlà kan pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, ìlù náà á máa yí títí ẹ ó fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

Èsì kẹta
Mo fara mọ́ yín, àyàfi lórí ọ̀rọ̀ ìyá ìlù. Tony Allen, onílù ọmọ Èkó, bá Mills ṣe Tomorrow Comes the Harvest ní 2018. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ṣe ń dá ẹ̀rọ tí kì í yẹsẹ̀ lóhùn, kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ Hood. Ohùn dùùrù tí ẹ pè ní ọ̀kan náà yẹn kì í dúró sójú kan: Hood ń ṣú u, ó ń là á, ó sì ń fà á gùn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ló ń sọ.