Èèrà wọlé mi láìkan ilẹ̀kùn. Kí lójú tiyín ti rí?

Ilé-ọ̀tun: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Mo gbálẹ̀, mo nulẹ̀, mo fọ gbogbo abọ́ kí n tó sùn lálẹ́ àná. Mo jí, èèrà ti tò láti ojú fèrèsé dé inú kọ́bọ́ọ̀dù, àfi bí ẹni ta okùn dúdú mọ́ ògiri. Kò sí nǹkan dídùn kankan níbẹ̀! Kí ló ń pè wọ́n? Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó sọ tiẹ̀.

Àbíkẹ́: "Kò sí nǹkan dídùn kankan." Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ 😂 Gbé ìgò oyin ẹ, kí o wo ìdí ẹ̀.

Ilé-ọ̀tun: Mo gbé e. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá Tólú: Tèmi kì í ṣe oyin o, ọ̀rá ni. Mo ti kó gbogbo ohun dídùn sínú ike onídèérí, wọn ò dẹ́kun. Mo wá kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn (ìyàwó mi ní ṣé owó ló bọ́ lọ́wọ́ mi). Ẹ̀yìn sítóòfù la já sí, níbi tí ọ̀rá ẹran ti ta sí ògiri. Àwọn ìdin wọn tó wà nínú ihò ló ń jẹ ẹran dàgbà. Àwọn tí à ń rí nílẹ̀ yìí, ohun dídùn ni wọ́n fi ń rìn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe lè kọ ṣúgà lónìí, kí wọ́n ya bò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tánpẹ́pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúnlẹ̀ fún èèrà 😭

Àbíkẹ́: Ìwọ tó ń jẹ́ Tánpẹ́pẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ẹ nìyẹn, bá wa bá wọn sọ ọ́.

Ṣadé K: Omi ni tiwa. Ilé ìwẹ̀! Kí ni èèyàn ń jẹ nílé ìwẹ̀? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé páìpù ń kán tó tó lábẹ́ básíà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, omi ni wọ́n ń wá kiri. Bí òjò bá sì pọ̀, tí omi wọ ihò wọn, inú ilé náà ni wọ́n á sá sí. Kò sí ìgbà tí ilé wa ò wù wọ́n. Mo fín oògùn sí wọn, ojú ọ̀nà kan di mẹ́ta.

Bàbá Tólú: Ṣadé, ṣé àwọn wẹ́wẹ́ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni? Ìyá wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Bí o bá fín oògùn sí wọn, wọ́n á pínyà, oníkálukú á lọ dá ilé tiẹ̀ sílẹ̀.

Ṣadé K: Àwọn gan-an ni. Áà.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bàbá wa máa ń tọ̀ sínú póò lóru torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Bílẹ̀ bá mọ́, èèrà á ti bo etí póò. Àbúrò mi la máa ń bá wí pé kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ó tó oṣù méjì kí nọ́ọ̀sì kan tó wá kí wa tó rí i, ló bá ní ká gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Àtọ̀gbẹ ni. Oṣù méjì la fi ń gbógun ti èèrà.

Àbíkẹ́: Mọ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé bàbá ti gbádùn?

Ìyá Bọ́lá: Wọ́n ń lo oògùn wọn. Àbúrò mi ò tíì dárí jì wá.

Ọ̀mọ̀wé Kékeré: Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ ti rí i pé èèrà ń bo ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan, wọ́n sì pe àìsàn náà ní madhumeha, ìyẹn ìtọ̀ oyin.

Ṣadé K: Ẹ má dẹ́rù bà wá o. Ọmọ mi tọ̀ sílẹ̀, èèrà bò ó, mo sáré gbé e lọ, wọn ò rí nǹkan kan.

Ọ̀mọ̀wé Kékeré: Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ wà nínú ìtọ̀, àwọn nǹkan mìíràn tí èèrà ń fẹ́ sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Bí èèrà ò bá sì wá, kò ní kí ara le. Àyẹ̀wò ló lè sọ.

Tánpẹ́pẹ́: Ikán ńkọ́? Èèrà funfun náà ń dà mí láàmú.

Ọ̀mọ̀wé Kékeré: Ikán kì í ṣe èèrà. Aáyán ni ìbátan ẹ̀.

Tánpẹ́pẹ́: Irọ́!

Bàbá Tólú: Òótọ́ ni. Wo ìbàdí wọn: ti èèrà fún pinpin, ti ikán ò fún.

Tánpẹ́pẹ́: Ẹ pè é ní èèrà, ẹ pè é ní àbúrò aáyán, ó ti jẹ férémù fèrèsé mi tán. Ìbàdí wo ni mo fẹ́ wò?

Ilé-ọ̀tun: Mo ti nu ìdí ìgò, mo fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ojú ọ̀nà wọn. Láàárọ̀ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí, ó ń rìn gbéregbère.

Àbíkẹ́: Amí nìyẹn. Bó bá rí nǹkan, á máa fa òórùn sílẹ̀ bó ṣe ń padà lọ, òun ni àwọn yòókù á máa tọ̀ bọ̀.

Ilé-ọ̀tun: Mo ti pa á.

Bàbá Tólú: Ṣé ó ń bọ̀ ni àbí ó ń padà lọ?

Ilé-ọ̀tun: Ẹ dúró, mò ń bọ̀.