Ìwé ìtàn ìfẹ́ tó dùn mọ́ mi dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa: kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Mofẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Àwa obìnrin kan tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà ní Ìbàdàn máa ń ka ìwé pọ̀ lóṣooṣù. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n ní kí n yan ìwé. Ìtàn ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín ni mo mú, ti ìlú Bath àti London ní England, ní nǹkan bí ọdún 1816. Olú ẹ̀dá-ìtàn jẹ́ omidan ọmọ ọdún 26 tí àǹtí bàbá rẹ̀ fi ilé àti owó sílẹ̀ fún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó ohun ìní rẹ̀, òun ló ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó sì ti dá ọkùnrin mẹ́ta tó wá tọrọ rẹ̀ padà.

Mo gbádùn ìwé yìí kọjá sísọ. Ibì kan wà tí òjò ti rọ̀, tí kẹ̀kẹ́ omidan náà rì sínú ẹrẹ̀. Duke kan, ìyẹn ìjòyè ńlá ilẹ̀ wọn, tó ń kọjá sọ̀ kalẹ̀ nínú bàtà aláwọ tuntun, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín kúrò níbẹ̀." Kó tó sọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Omidan kò rẹ́rìn-ín. Ó na agbòòrùn sí i, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbé ara yín ná, ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi di ìjánu ẹṣin yìí mú." Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi wá wò mí ní pálọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dàrú sí nìyí. Ìdajì wa ní obìnrin náà gbéraga, pé ọkùnrin rere ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe fújà. Àgbà wa kan ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè sí láyé ìgbà yẹn, àti pé ìwé ẹ̀rín kò ní ohun tí àgbàlagbà lè jókòó jíròrò. A ó tún pàdé lórí rẹ̀, èmi ni n ó sì darí ọ̀rọ̀. Ó wù mí gan-an kí wọ́n gbádùn rẹ̀. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀? Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 náà ti ń yọjú sí ìwé yìí. Ṣé kí n fún un?

Lọ́yà Àkúrẹ́:
Ìyá Mofẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí òfin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni adùn ìwé yẹn fara pa mọ́ sí.

Nílẹ̀ wa, ìyàwó tó ń ta aṣọ lọ́jà, èrè rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ọkọ lè tọrọ, ó lè yá lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń kó o láìtọrọ, ẹbí á dá sí i. Ojú yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ yín fi ń wo omidan náà, ló fi dà bíi fújà lójú wọn. Ní England ọdún 1816, bí obìnrin bá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú àlùfáà báyìí, owó ọwọ́ rẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, àga rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ti ọkọ. Ilẹ̀ tó bá jogún kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ọkọ ni yóò máa gba owó tó ń tinú rẹ̀ wá. Kò lè bá èèyàn ṣe àdéhùn òwò lórúkọ ara rẹ̀. Kò lè dá pe ẹjọ́. Kò sì rọrùn láti jáde: títí di ọdún 1857, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀ kó sì lè fẹ́ ẹlòmíràn, àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó ṣe òfin nítorí òun nìkan. Ọdún 1870 ni òfin kọ́kọ́ jẹ́ kí ìyàwó máa mú owó iṣẹ́ ara rẹ̀, ti ọdún 1882 ló wá dá ohun ìní rẹ̀ padà fún un dáadáa.

Ṣùgbọ́n omidan tó bá ti pé ọdún 21, àti opó, ohun ìní wọn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè rà, wọ́n lè tà. Nítorí náà, ẹ sọ fún àgbà yín pé irú obìnrin yẹn lè wà dáadáa. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n òfin gbà wọ́n láyè. Kí ẹ wá bi àwọn tó kù: ká ní ọjọ́ ìgbéyàwó ni ṣọ́ọ̀bù yín máa di ti ọkọ, ẹni mélòó nínú yín ni ì bá tètè gbà?

Ohun kan tún kù. Àwọn ẹbí olówó máa ń kọ ìwé àdéhùn ṣáájú ìgbéyàwó, wọ́n á fi owó ọmọbìnrin sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́jú kí ọwọ́ ọkọ má baà tó o. Ẹ wo ìparí ìwé yín dáadáa. Ọkùnrin tó bá fúnra rẹ̀ mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ó nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà lóòótọ́.

Wúràọlá:
Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìwé ẹ̀rín. Ó ṣòro láti kọ ju ìwé ẹkún lọ. Gbólóhùn omidan yẹn nínú ẹrẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá fi ọ̀rọ̀ méjì sí i, ẹ̀rín ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá Mofẹ́, ẹ má kàn ṣàlàyé ìwé náà fún wọn. Ẹ ní kí ẹni méjì dìde kà á sókè, kí ọ̀kan ṣe duke, kí ìkejì ṣe omidan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ létí kò ní pè é ní ìgbéraga mọ́.

Bàbá Ìbejì, London:
Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà ti sọ̀rọ̀ òfin, ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú kún un. Ọba George Kẹta ń ṣàìsàn ọpọlọ nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàkóso dípò rẹ̀ láti ọdún 1811 títí bàbá fi kú ní 1820. Ìdí nìyẹn tí ìwé irú èyí fi pọ̀ fún ọdún mẹ́wàá péré yẹn: àríyá, aṣọ tuntun, ogun Napoleon tó parí ní Waterloo lọ́dún 1815, àwọn ológun tó ń bọ̀ wálé wá wá aya.

Gbọ̀ngàn ijó kan wà tí wọ́n ń pè ní Almack's, ní King Street. Alaalẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń jó níbẹ̀ lásìkò àríyá. Owó nìkan kò lè mú yín wọlé. Àwọn obìnrin ọlọ́lá kan ló ń pín ìwé àṣẹ ìwọlé, ẹni tí wọ́n bá sì fi dù, ojú á tì í ju ẹni tí wọn ò fún ní aṣọ ẹbí lọ. Oúnjẹ ibẹ̀ wá jẹ́ búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú bọ́tà, tíì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́! Bí omidan bá bá ọkùnrin kan náà jó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lálẹ́ kan, gbogbo ìlú á ní ó ti parí láàárín wọn. Nítorí náà, bí duke bá tọrọ ijó kẹta nínú ìwé yín, kì í ṣe ijó ló ń tọrọ.

Bí ẹ bá sì rí i pé ẹnì kan sá lọ ṣègbéyàwó ní Gretna Green, òfin ọdún 1753 ló fà á. Ní England, ọmọ tí kò tíì pé 21 kò lè gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó láìsí ìyọ̀ǹda òbí; bí kò bá ní ìwé àṣẹ, àfi kí wọ́n kéde ìgbéyàwó náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta, bí àwọn Áńgílíkà wa ṣe ń ṣe títí di òní, òbí sì lè dìde kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Òfin yẹn kò dé Scotland, Gretna Green sì jẹ́ abúlé Scotland kan tó wà lẹ́nu ibodè England.

Olùkọ́ Ìtàn:
Mo fẹ́ràn irú ìwé yìí, àmọ́ mo máa ń béèrè ibi tí owó ilé ńlá yẹn ti wá. England fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ṣùgbọ́n àwọn ẹrú ṣì ń gé ìrèké fún àwọn olówó rẹ̀ ní erékùṣù Karibéánì títí òfin 1833 fi dé. Ọdún 1821 ni wọ́n mú Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn àríyá inú ìwé yín. Ẹ dárúkọ rẹ̀ níbi ìpàdé, kí ẹ sì máa bá ẹ̀rín yín lọ.

Bí ẹ bá ń wá ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, ẹ wo Sarah Forbes Bonetta. Àwọn ará Dàhòmì kó o lẹ́rú nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n mú un dé England ní 1850, Ọbabìnrin Victoria sì gba ẹrù títọ́ rẹ̀. Nígbà tí James Davies, oníṣòwò, wá tọrọ rẹ̀, kò fẹ́ ẹ. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣègbéyàwó ní Brighton ní oṣù Ògọ́sì ọdún 1862. Kò ní ilé, kò ní ogún àǹtí kankan. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ omidan tó dá ọkùnrin mẹ́ta padà, ẹ ó rí ohun tí owó ọwọ́ ẹni ń ṣe.

Wúràọlá:
Olùkọ́, ara mi bù máṣọ. Ẹ ṣeun. Ìyá Mofẹ́, ẹ fi eléyìí sí àárín ìpàdé, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín ná.

Ìyá Tọ́lá:
Ní ti ọmọ yín: àwọn òǹkọ̀wé kan á ti ìlẹ̀kùn yàrá, àwọn mìíràn á ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á ló mọ èyí tó jẹ́. Bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn, ẹ fún un. Mo fún tèmi ní irú rẹ̀, òun ló wá bi mí bóyá mo ní àkáǹtì tèmi ní báǹkì. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn.

Ìyá Mofẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìlẹ̀kùn wà ní títì, ọmọ mi á gbà á ní Sátidé. Ìbéèrè ṣọ́ọ̀bù ni n ó fi ṣí ìpàdé, nítorí mẹ́rin nínú wa ló ní ṣọ́ọ̀bù. Bonetta á tẹ̀lé e.

Lọ́yà, mo tún orí tó kẹ́yìn kà lálẹ́ àná. Duke náà mú ìwé àdéhùn wá kó tó mú òrùka jáde. Omidan jókòó, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n tún ojú ìwé kejì kọ, duke sì ní ọ̀la ni òun máa gbé e padà wá. Àgbà wa ni n ó bẹ̀ kó ka ibẹ̀ sókè fún wa.