Ǹjẹ́ pípààrọ̀ fíúsì ampilifáyà lè mú kí orin dún dáadáa sí i?

Olólùfẹ́-Àwo:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi fi ampilifáyà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi, òun náà sì ni a fi ń gbọ́ àwo àpàlà ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá yí ohùn rẹ̀ sókè, ìlù kì í rinlẹ̀ mọ́, ó sì máa ń hùn bí ẹni pé oyin wọ inú sípíkà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé Ìbàdàn ní kí n lọ ra fíúsì kan tí wọ́n fi wúrà bò létí méjèèjì, pé bí mo bá ti fi í rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀, ohùn yóò mọ́ gaara. Ó ní ọfà kan wà lára rẹ̀ tí ó ń fi ibi tí a gbọ́dọ̀ kọjú rẹ̀ sí hàn. Iye tí wọ́n ń tà á tó owó tí mo fi ra sípíkà méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì?

Bàbá-Oníṣẹ́-Rédíò:
Ọmọ mi, jẹ́ kí owó rẹ ṣì wà lápò. Fọ́nrán wáyà tín-ín-rín ni wọ́n kì sínú ìgò kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, kí ó lè yọ́ kí ohun tí ó níye lórí jù ú lọ tó jóná. Iṣẹ́ tí wọ́n rán fíúsì kò ju èyí lọ. Iná tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò tíì di orin. Tiransifọ́mà ni yóò kọ́kọ́ gbà á, àwọn dáódù yóò sọ ọ́ di iná tí kì í yíjú padà, lẹ́yìn náà ni àwọn kapásítọ̀ ńláńlá yóò tọ́jú rẹ̀ bí ìgbà tí a pọnmi sínú àmù, inú àmù yẹn ni orin sì ti ń bùmu. Ní ti ọfà, iná ilé wa ń yíjú padà ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni ọfà náà fẹ́ tọ́ka sí?

Ampilifáyà tí ó ń jẹ wáàtì 300 lórí fóltì 230 kò gba ju ámpíà kan àti díẹ̀ lọ. Ohun tí fíúsì ámpíà 3 lè dá dúró nínú fóltì 230 náà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún fóltì kan. Ní àdúgbò tèmi lálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá tan fíríìjì wọn, fóltì 170 ni mítà mi máa ń kà. Ẹni tí 60 fóltì ti sọnù mọ́ lọ́wọ́ lójú pópó ni ó wá ń fi wúrà wá èérún fóltì nínú ilé!

Etí-Kò-Sùn:
Ẹ má bínú, Bàbá. Mo pààrọ̀ fíúsì tèmi ní ọdún tí ó kọjá, mo sì gbọ́ ìyàtọ̀ pẹ̀lú etí ara mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olówó gọbọi ni mo rà. Ṣé etí mi ń purọ́ ni?

Bàbá-Oníṣẹ́-Rédíò:
N kò ní pè é ní irọ́. Nígbà tí o yọ ti àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí o ti ha ìpata kúrò lára irin tí ó di fíúsì mú láìmọ̀. Irin tí ó bá ti dẹ̀, tí ó sì dípata, máa ń gbóná, ó sì máa ń mú kí iná máa já. Ibòmíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ náà lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú: àwọn ampilifáyà kan ní fíúsì lójú ọ̀nà tí ó lọ sí sípíkà gan-an, níbi tí iná ti di orin. Bí ìlù ńlá bá dún, fọ́nrán náà á gbóná, á tún tutù, ohùn ìsàlẹ̀ sì lè dàrú díẹ̀ débi tí ẹ̀rọ ìwọ̀n yóò rí i. Ṣùgbọ́n wúrà tí ó wà létí rẹ̀ kò lè wo èyí sàn, nítorí inú ni fọ́nrán tí ó ń gbóná wà. Bí ó bá wù ọ́ láti dán an wò, jẹ́ kí ìyàwó rẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí o kò sí nínú yàrá, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ó má sọ fún ọ, kí o sì kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀.

Olólùfẹ́-Àwo, yọ pílọ́ọ̀gì rẹ kúrò lára ògiri, fi í sílẹ̀ fún bí wákàtí kan nítorí pé kapásítọ̀ lè gbá ènìyàn lẹ́yìn tí iná ti kúrò, má sì fọwọ́ kan nǹkan kan yàtọ̀ sí fíúsì. Ka ohun tí wọ́n kọ sí etí irin rẹ̀. T túmọ̀ sí èyí tí ó ń fara dà á díẹ̀ kí ó tó já, nítorí pé tiransifọ́mà máa ń gbé iná mì kàlù nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. F ni èyí tí ó ń já kíá. Nọ́ńbà kan náà àti lẹ́tà kan náà ni kí o fi rọ́pò rẹ̀.

Olólùfẹ́-Àwo:
Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Mo ti tú u. Fíúsì tí ó wà níbẹ̀ ti já tipẹ́tipẹ́; ẹnì kan ló yọ fọ́nrán bàbà kan lára wáyà, tí ó wé e mọ́ ìgò náà láti etí kan dé èkejì, pátákó tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. T2A, ìyẹn ámpíà 2, ni wọ́n kọ sí etí rẹ̀, nígbà tí fíúsì inú pílọ́ọ̀gì jẹ́ ámpíà 13. Méjì nínú àwọn kapásítọ̀ náà ti wú lórí bí àkàrà. Mo ti ra T2A mẹ́rin ní Sábó, n kò sì tíì tàn án. Ṣé ìsọ̀ yín máa ń ṣí ní ọjọ́ Sátidé?

Bàbá-Oníṣẹ́-Rédíò:
Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni a ń ṣí. Gbé sípíkà kan dání.