Bàtíìkì wo ni mo lè fi rán kúbùsù oníìrépé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ lóṣù Kejìlá. Mo fẹ́ gé bàtíìkì wẹ́wẹ́, kí n tò ó pọ̀, kí n fi òwú sáàárín, kó di kúbùsù fún un. Èyí tí mo rán lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni pupa ràn mọ́ funfun. Ó dùn mí wọra. Irú wo ni kí n rà?

Télọ̀ Ìkéré
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìyàwó, mà. Ẹ yí aṣọ náà padà lọ́jà kẹ́ ẹ tó sanwó. Inú aró ni wọ́n ń ri bàtíìkì gidi bọ̀, torí náà ojú méjèèjì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá. Ẹ wá èyí tó hun dí, etí rẹ̀ kì í tú bọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ tuntun tó mú ni kẹ́ ẹ fi rán an o, nọ́ńbà 70 tàbí 80.

Màmá Aláró
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Wọn ò ṣan aṣọ yẹn tó kí wọ́n tó tà á fún yín ni. Àbẹ́là la máa ń yọ́, a ó fi fóòmù tí a gé ní bátànì tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Ibi tí àbẹ́là bá wà, aró ò ní í débẹ̀. Tó bá gbẹ, ó máa ń sán, aró á gba ojú sísán yẹn wọlé, á fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí iṣan ewé. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn! Omi gbígbóná la fi ń yọ àbẹ́là kúrò. Ẹni tó bá ń kánjú kì í wá ṣan aró tó ṣẹ́kù.
Kẹ́ ẹ tó fi síṣọ́ọ̀sì kàn án, ẹ fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ ṣan án títí omi á fi mọ́. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún. Tó bá ràn, ẹ tún fọ̀ ọ́. Iyọ̀ àti fínígà ò lè mú aró tí wọn ò rẹ dáadáa dúró.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàtíìkì náà ni àdìrẹ wa?

Ìyá Àgbà, Ẹ̀fọ̀n
Rárá, ọmọ mi. Jáfà ní Indonéṣíà ni orúkọ bàtíìkì ti wá, UNESCO sì fi tiwọn sára àjogúnbá aráyé lọ́dún 2009. Ìda gbígbóná ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní tiwa, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ló ń dí aró lọ́nà. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn fi ń yà á, kí wọ́n tó rì í sínú aró èlú. Ẹ wo bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ẹ ó rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú rẹ̀. Títo ìrépé pọ̀ náà ò sì ṣàjèjì sí wa, ẹ ṣáà wo aṣọ eégún.
Ìyá Ìbejì, ẹ fi ẹlẹ́kọ kan sáàárín kúbùsù náà.

Màmá Aláró
Mo gbè yín lẹ́yìn, Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n aró èlú máa ń ràn tí nǹkan bá ń fara gbún un. Búlúù ni kẹ́ ẹ fi yí i ká, kì í ṣe funfun.

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti Ọjà Ọba dé, mo ra mẹ́ta. Mo ti fi áńkáṣíìfù nu méjì, kò ràn rárá. Aláwọ̀ obì yẹn ṣì ń da omi pupa, ó wà nínú báàfù báyìí, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí.