Mo ń wá ìwé àwọn tó rin Appalachian Trail láti àríwá wá sí gúúsù

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ fẹsẹ̀ rin Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó gba orí òkè àti inú igbó ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 3,500 kìlómítà, ìpínlẹ̀ 14 ló sì gbà kọjá. Georgia ní gúúsù lọ́pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì parí rẹ̀ sórí òkè Katahdin ní Maine, ní àríwá. Katahdin gan-an lòun fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà.

Ìwé àwọn tó lọ láti gúúsù pọ̀ lọ́jà. Ti òdìkejì ni mo ń wá, pàápàá èyí tí ẹni tó rìn ín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Òkè gíga ni ọjọ́ kìíní àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti àríwá, lẹ́yìn náà ni igbó Hundred-Mile Wilderness, pẹ̀lú àwọn eṣinṣin dúdú tó ń mu ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì mọ́ ìrìn rárá. Tó bá yá, wọ́n á pàdé èrò tó ń bọ̀ láti Georgia, àwọn yẹn á kọjá lọ, ọ̀nà á sì dá. Ìdánìkanwà yẹn ló ká mi lára jù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Earl Shaffer rìn ín lọ sí àríwá ní 1948, ó tún gba òdìkejì ní 1965, nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun.

Èwo lẹ ti kà tó sọ òtítọ́ nípa ìdánìkanwà náà, tí kì í kàn ṣe ìtọ́ni nípa bàtà àti àgọ́? Ṣé èyí tí obìnrin kọ wà?